Ọ̀rọ̀ Ọgbọ́n: Ẹ̀bùn Ẹ̀mí Kan àti Ìgbésí Ayé Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther

Ìtàn ni mo fẹ́ sọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé lítíréṣọ̀ ni iṣẹ́ tí a gbà mí sí. Ẹ má bínú bí mo bá ń yà sí ìdí ọ̀rọ̀ kan tàbí òmíràn kí n tó padà sójú ọ̀nà. Ẹni tí ó ti lo ohun tí ó lé ní ogún ọdún nídìí ìwé kíkà kò lè rí ọ̀rọ̀ kí ó má tú u wò.

Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá nígbà tí bíṣọ́ọ̀bù gbé ọwọ́ lé mi lórí nínú ìjọ Áńgílíkà. Kí ó tó ṣe bẹ́ẹ̀, ó gbàdúrà pé kí Ọlọ́run fún àwa ọmọ tí a kúnlẹ̀ ní ẹ̀bùn méje ti Ẹ̀mí Mímọ́. Ọgbọ́n ni ó sì kọ́kọ́ dárúkọ. Nígbà tí a délé, ìyá àgbà mi bi mí léèrè pé èwo nínú méjèèje ni mo gbà. Mo ní n kò mọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bí ó bá ṣe ọgbọ́n ni, àwa tí à ń bá ọ gbé ni a ó kọ́kọ́ mọ̀.” Láti ìgbà náà ni mo ti ń ronú sí ọ̀rọ̀ yìí, pàápàá láti ìgbà tí àwọn ènìyàn ti ń pè mí ní ọ̀jọ̀gbọ́n. Oyè tí yunifásítì fi ń dáni lọ́lá nìyẹn. Kì í ṣe ohun tí bíṣọ́ọ̀bù gbàdúrà fún lọ́jọ́ náà.

Ìwé Wòlíì Àìsáyà, orí kọkànlá, ni a ti rí àwọn ẹ̀bùn méje náà. Ṣùgbọ́n nínú Bíbélì èdè Hébérù, mẹ́fà péré ni wọ́n. Ìbẹ̀rù Olúwa ni a dárúkọ lẹ́ẹ̀mejì, nínú ẹsẹ kejì àti nínú ẹsẹ kẹta. Àwọn tí ó túmọ̀ ìwé náà sí èdè Gíríìkì ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ mìíràn, èyí tí ó túmọ̀ sí ìfọkànsìn, dípò ọ̀kan nínú méjèèjì, tí iye wọn fi di méje. Bíbélì èdè Látìnì gbà á bẹ́ẹ̀, ìjọ Róòmù gbà á lọ́wọ́ Látìnì, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á lọ́wọ́ Róòmù. Ọwọ́ ògbufọ̀ ni ẹ̀bùn keje ti wá. Mo sọ èyí kí a lè mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé bí a bá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀bùn Ẹ̀mí, a kò lè gbàgbé iṣẹ́ àwọn ògbufọ̀, nítorí ògbufọ̀ ni ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ tí àwọn Hébérù ń lò fún ọgbọ́n gbòòrò. Wọ́n ń lò ó fún ọba tí ó ń dájọ́, wọ́n sì ń lò ó fún gbẹ́nàgbẹ́nà, alágbẹ̀dẹ wúrà àti ahunṣọ. Bẹ́sálẹ́ẹ̀lì, oníṣẹ́ ọnà tí ó ṣe àgọ́ àjọ fún Mósè, ni ẹni àkọ́kọ́ tí Bíbélì sọ pé Ọlọ́run fi Ẹ̀mí rẹ̀ kún, ọgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ sì ni Ẹ̀mí náà mú wá fún un. Ní ti Sólómọ́nì, ohun tí ó tọrọ ní èdè Hébérù gan-an ni ọkàn tí ń gbọ́ràn. Ó máa ń wù mí láti sọ pé gbọ́ àti gbọ́n jọ ń dún létí wa bí ọmọ ìyá, ṣùgbọ́n dídún bákan náà kò tó ẹ̀rí pé orírun kan ni wọ́n ní, nítorí náà n ó fi í sílẹ̀ fún àwọn oníwàásù.

Nígbà tí Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí àwọn ará Kọ́ríńtì ní nǹkan bí ọdún 55, ìlú àwọn tí ó fẹ́ràn ẹnu dídùn ni ó ń bá sọ̀rọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà ó bá ọgbọ́n ayé wí kíkankíkan. Síbẹ̀, nígbà tí ó dé orí kejìlá tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ẹ̀bùn Ẹ̀mí, ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni ó fi ṣíwájú, kí ó tó kan ìmọ̀, ìgbàgbọ́, ìwòsàn, iṣẹ́ ìyanu àti àsọtẹ́lẹ̀; èdè àjèjì àti ìtúmọ̀ rẹ̀ ni ó kẹ́yìn. Kò ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ti rí. Jákọ́bù ni ó fún wa ní àmì tí a lè fi mọ̀ ọ́n: ó ní ọgbọ́n kan wà tí ó ti òkè wá, tí ó mọ́, tí ó ní àlàáfíà, tí kò le koko mọ́ni, òmíràn sì wà tí owú àti ìjà ń bá rìn. Kí ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Láàrin àwọn tí ó ṣàlàyé ẹ̀bùn yìí lẹ́yìn wọn, n kò rí ẹni tí àlàyé rẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn bíi ti Thomas Aquinas, tí ó kú ní 1274. Ó ní ọ̀nà méjì ni ènìyàn lè gbà dájọ́ ohun kan. Ẹni tí ó kọ́ ẹ̀kọ́ ìwà lè sọ fún wa nípa ìrònú pé bí ìwà mímọ́ ti rí nìyí. Ẹlòmíràn kò kọ́ ìwé kankan, ṣùgbọ́n ó ń gbé ìwà mímọ́ wọ̀ bí aṣọ. Bí ohun tí kò tọ́ bá dé iwájú rẹ̀, ara rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọgbọ́n tí í ṣe ẹ̀bùn, ní ti Aquinas: ìfẹ́ ni ó bí i, ó sì dàbí ìbátan láàrin ènìyàn àti àwọn ohun ti Ọlọ́run. Ìyá àgbà mi kò gbọ́ orúkọ Aquinas rí, ṣùgbọ́n mo rò pé ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo ọ̀rọ̀ tiwa. Kí Bíbélì tó dé ilẹ̀ Yorùbá, ọgbọ́n ti ní onílé. Nínú ìsìn, ti Ọ̀rúnmìlà ni, akéréfinúṣọgbọ́n, ẹni tí àwọn babaláwo ń tọ̀ lọ nítorí pé ó gbọ́n ju gbogbo àgbà lọ. Nínú àlọ́, ti Ìjàpá ni, tí ó ń fi í jẹ oúnjẹ olóúnjẹ. Bí Yorùbá bá sọ pé ẹnì kan gbọ́n, ó lè jẹ́ ìyìn, ó sì lè jẹ́ ìkìlọ̀ fún ẹni tí ó fẹ́ bá a ṣòwò. Ní ti àwùjọ, a gbà pé ọgbọ́n kì í ṣe ti ẹnì kan: ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀, ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.

Àwọn ògbufọ̀ mọ gbogbo èyí. Fún ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ìsìn, ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí ni wọ́n lọ yá ọ̀rọ̀, nítorí pé ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti bá èdè wa gbé ṣáájú tiwọn: wòlíì, àlùfáà, àdúrà, wàásù. Ní ti orúkọ tí wọ́n fún Sátánì, Èṣù ni wọ́n mú, èyí tí a ṣì ń jiyàn lé lórí títí di òní, tí mo sì gbà pé àṣìṣe ńlá ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan ẹ̀bùn tí ó ṣíwájú gbogbo ẹ̀bùn, wọn kò yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n mú ọgbọ́n, pẹ̀lú Ọ̀rúnmìlà àti Ìjàpá lára rẹ̀, wọ́n fi í sínú Bíbélì. Mo gbà pé wọ́n ṣe é tọ́. Bí wọ́n bá ti yá ọ̀rọ̀ àjèjì, àwọn baba wa ìbá rò pé ohun tí Ẹ̀mí ń fún ni jẹ́ ohun tí àwọn kò ní irú rẹ̀ rí.

Ọkùnrin tí ó ṣáájú iṣẹ́ náà ni Samuel Àjàyí Crowther. Ìtàn rẹ̀ kì í ṣe tuntun sí yín, nítorí náà n ó yára. A bí i ní Òṣogùn ní nǹkan bí ọdún 1807. Ogun kó o ní 1821, wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́, títí tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní oṣù Kẹrin 1822, tí wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Ó ṣe ìrìbọmi ní 1825. Ó wà nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay ní 1827. Wọ́n fi í joyè àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1843, ọdún kan náà tí ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Ó dé Abẹ́òkúta ní oṣù Kẹjọ 1846.

Ohun tí mo fẹ́ kí á dúró wò ni ọ̀nà tí ó gbà kó ọ̀rọ̀ jọ. Ó ti kúrò nílé láti ìgbà èwe rẹ̀. Ó mọ̀ pé èdè tí òun ní lẹ́nu kò tó. Nítorí náà, ó ń jókòó ti àwọn àgbà. Bí ó bá ń bá babaláwo tàbí Mùsùlùmí sọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, tí ẹni náà bá lo ọ̀rọ̀ kan tí ó jinlẹ̀, á kọ ọ́ sílẹ̀. Òwe pọ̀ nínú ìwé ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí ó jáde ní 1852. Ẹ rò ó wò: ẹni tí ó wá láti wàásù fún àwọn ènìyàn, tí ó kọ́kọ́ di ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ wọn! Ìwé Pọ́ọ̀lù sí àwọn ará Róòmù jáde ní Yorùbá ní 1850, àwọn apá mìíràn tẹ̀lé e. Òun àti Thomas King ni wọ́n jọ ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Ní 1862, iná jó ilé Crowther, àwọn ọ̀rọ̀ àti òwe tí ó ti fi ọdún mọ́kànlá kó jọ sì ṣòfò pátápátá. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó di ọdún 1884 kí Bíbélì Yorùbá tó parí.

Ọ̀ràn ìyá rẹ̀ tún wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ 1846, kò tíì tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ó dé Abẹ́òkúta, ìyá tí ó ti rí gbẹ̀yìn ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sẹ́yìn wọlé tọ̀ ọ́ wá. Ẹnikẹ́ni nínú wa ìbá fẹ́ kí ìyá òun ṣe ìrìbọmi ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ọjọ́ 5 oṣù Kejì 1848 ni Àfàlà tó ṣe ìrìbọmi, ó sì di Hannah, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì. Ó ju ọdún kan àti oṣù márùn-ún lọ tí ọmọ fi dúró de ìyá.

Ìṣẹ̀lẹ̀ kan tí ó fi ẹ̀bùn yìí hàn kedere ni ti Ìlọrin ní 1872. Crowther ti di bíṣọ́ọ̀bù nígbà náà. Wọ́n ti fi í joyè ní Canterbury ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà 1864. Ní ààfin ọba Ìlọrin, láàrin àwọn ọ̀mọ̀wé Ìsìláàmù, wọ́n bi í ní oríṣìíríṣìí ìbéèrè. Ó mọ bí a ti ń jiyàn. Nígbà èwe rẹ̀ ní Sàró, ó ti bá Mùsùlùmí jiyàn rí, ó sì rí i pé iyàn ń mú inú bíni ju bí ó ti ń yí ọkàn padà lọ. Ní Ìlọrin, Bíbélì Yorùbá ni ó ṣí. Láti inú ohun tí wọ́n jọ gbà ni ó ti bẹ̀rẹ̀, bíi Jíbúrẹ́lì tí í ṣe ìránṣẹ́ Ọlọ́run, àti ìbí Jésù tí kò ní baba láyé. Bí wọ́n bá bi í ní nǹkan, á ka ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà fún wọn, á sì dákẹ́. Ìwé náà ni ó ń sọ̀rọ̀, ní èdè tí gbogbo ààfin gbọ́. Kò sí ẹni tí ó yí ẹ̀sìn padà lọ́jọ́ náà tí mo lè tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n kò sí ìjà. Wọ́n fi tẹ̀rín-tọ̀yàyà túká. Ẹ rántí àmì tí Jákọ́bù fún wa.

Mo wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le. Wọ́n fi Crowther joyè bíṣọ́ọ̀bù lórí ibi tí kì í ṣe ìlú rẹ̀. Láti 1851 ni Henry Townsend ti Abẹ́òkúta ti ń kọ̀wé pé kò yẹ kí bíṣọ́ọ̀bù dúdú jọba lórí àwọn míṣọ́nárì funfun. Nítorí náà, Abẹ́òkúta, Ìbàdàn àti Èkó kò sí lábẹ́ rẹ̀. Odò Ọya ni ó gbájú mọ́, láàrin àwọn tí kò gbọ́ èdè rẹ̀, pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ tí púpọ̀ nínú wọn ti Sàró wá. Henry Venn, akọ̀wé ẹgbẹ́ C.M.S. tí ó rọ̀ ọ́ títí tí ó fi gba oyè náà, kú ní 1873, àwọn mìíràn sì gba ipò. Nígbà tí ó di nǹkan bí 1890, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì dé sí odò náà, J. A. Robinson àti Graham Wilmot Brooke ni aṣáájú wọn. Onítara ni wọ́n. Wọ́n gbà pé Ẹ̀mí Mímọ́ ti sọ àwọn di mímọ́ ní ọ̀nà àrà ọ̀tọ̀, ojú yẹn sì ni wọ́n fi wo iṣẹ́ arúgbó náà.

Ní oṣù Kẹjọ 1890, ìgbìmọ̀ ìṣúná C.M.S. ṣe ìpàdé ní Oníṣà. Crowther ni alága. Ó ti tó ọmọ ọdún 83, Brooke kò sì tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Lójú rẹ̀ ni wọ́n ṣe dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró, títí kan Dandeson ọmọ bíbí inú rẹ̀ tí í ṣe aṣiwájú àwọn àlùfáà ní Ísálẹ̀ Odò, bí ẹni pé kò sí bíṣọ́ọ̀bù níjókòó. Arúgbó náà dìde, ó sì fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀.

Ó yẹ kí á ṣe òdodo. Àwọn kan nínú òṣìṣẹ́ Crowther hùwà tí kò yẹ. Òun náà mọ̀, ó sì lé àwọn kan. Ẹni tí ó bá wí pé ó mú sùúrù jù kò purọ́. Ọgbọ́n tí kò mọ ìgbà tí a ń báni wí ti ń súnmọ́ ọ̀lẹ, mo sì mọ àwọn ọ̀rẹ́ mi onítàn tí wọ́n rò pé ibẹ̀ ni ó ti kùnà. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, kì í ṣe ìwà àwọn òṣìṣẹ́ nìkan ni wọ́n ń dájọ́ ní Oníṣà. Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni bí a ti ń mọ̀ pé Ẹ̀mí wà lára ènìyàn: ṣé nípa ìgbóná ọkàn rẹ̀ ni, tàbí nípa bí ó ti ń bá ènìyàn gbé? Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní ìtara, wọ́n ní ìmọ̀, àwọn fúnra wọn sì ń lo ara wọn láìbojúwẹ̀yìn. Robinson kú ní Lọ́kọ́ja ní 1891, Brooke tẹ̀lé e ní 1892. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ̀ sí ikú wọn. Ọlọ́run ni wọ́n kú fún, bí wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Ẹ̀bùn kan ṣoṣo tí n kò rí nínú ìtàn wọn ni èyí tí Pọ́ọ̀lù fi ṣíwájú.

Crowther kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1891. Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ìwé J. F. Adé Àjàyí tí ó jáde ní 1965, lórí àwọn míṣọ́nárì ní Nàìjíríà, ọdún ikú Crowther náà ni ó dúró sí, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Dandeson àti àwọn ìjọ Ísálẹ̀ Odò gba ìjọba ara wọn ní 1892. Ní Èkó, àwọn mìíràn ya kúrò láti dá ìjọ Áfíríkà sílẹ̀ ní 1901. Láàrin ìgbà náà, ní 1898, E. M. Lijadu, ọmọ Ẹ̀gbá tí ó jẹ́ ajíhìnrere ní Òǹdó, tẹ ìwé rẹ̀ lórí Ifá jáde. Ó jókòó ti babaláwo láti mọ ohun tí Ọ̀rúnmìlà ń sọ gan-an kí ó tó fèsì. Ọ̀nà Crowther ni ó tọ̀.

N ó sọ díẹ̀ nípa àwọn Aládùúrà, nítorí pé ẹ ó bi mí. Láti àjàkálẹ̀ àrùn 1918 títí dé ìsọjí Òkè-Ooyè ní Iléṣà ní 1930, lábẹ́ Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ìwòsàn, ìran àti àsọtẹ́lẹ̀ ni a gbọ́ jù. Nínú àwọn ìjọ náà títí di òní, a rí wòlíì, a rí aríran, a rí ajíhìnrere; n kò tíì gbọ́ kí wọ́n fi ẹnikẹ́ni joyè ọlọ́gbọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni wọn kò ṣaláìní wọn. Isaac Babalọlá Akínyẹlé, ẹni tí ó kọ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn ní 1911, wà láàrin àwọn àgbà tí ó di ìjọ Àpọ́sítélì ti Kristi mú. Nígbà tí ó jẹ Olúbàdàn ní 1955, kò fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ìlú kò sì kọ̀ ọ́ títí tí ó fi wàjà ní 1964. Ẹni tí ó bá mọ Ìbàdàn mọ̀ pé èyí kì í ṣe ohun kékeré.

Ní oṣù Kẹfà 2014, nígbà tí ó pé 150 ọdún tí wọ́n fi Àjàyí joyè, wọ́n ṣe ìsìn ìdúpẹ́ àti ìrònúpìwàdà ní Canterbury, nínú ilé Ọlọ́run kan náà. Justin Welby, tí ó jẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà nígbà náà, tọrọ àforíjì lórí ohun tí ìjọ ṣe sí i. Mo ka ìròyìn náà nínú ọ́fíìsì mi, mo sì ṣí Bíbélì tí ìyá àgbà mi fi sílẹ̀ fún mi, èyí tí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, mo wá ibi tí ọ̀rọ̀ ọgbọ́n wà nínú ìwé Kọ́ríńtì. Ó ti fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ méjèèjì. N kò mọ ọdún tí ó fà á.